Aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò: ìbéèrè tí ará Abẹ́òkúta ń bi mí nípa ìbò àti iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀

Bí ìròyìn ilé ìgbìmọ̀ bá ti tán lórí rédíò, ẹnìkan á yíjú sí mi. Wọ́n mọ̀ pé mo máa ń wo ìjókòó àwọn aṣòfin lórí fóònù bí ẹlòmíì ṣe ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n sì mọ̀ pé mo ní ìwé òfin ilẹ̀ wa kan tí etí rẹ̀ ti ká. Ní Ìtòkú láàrin àwọn aládìrẹ, nínú mọ́tò Láfẹ́nwá, níwájú ilé nígbà tí iná bá lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹni tí a fi ìbò wa rán lọ lábẹ́ ẹgbẹ́ alátakò yìí, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Èyí tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kọ síbí, bí wọ́n ṣe ń bi í gẹ́lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ tiẹ̀ ń pè ní alátakò?

Ó di ilé tí a bá ń sọ. Ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta ní aṣojú mẹ́ta. Sẹ́nétọ̀ kan ló ń ṣojú Ààrin Gbùngbùn Ògùn, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ 6: Àríwá Abẹ́òkúta, Gúúsù Abẹ́òkúta, Ifọ̀, Ewékorò, Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Odẹ̀dá. Aṣojú-ṣòfin kan tún wà ní Abuja. Gúúsù Abẹ́òkúta dá tirẹ̀ ní. Àríwá, Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Odẹ̀dá jọ ní ẹyọ kan. Ẹnì kẹta kò jìnnà sí wa rárá, Òkè-Mósàn ló wà, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 26 tó ń ṣòfin fún ìpínlẹ̀. Nínú sẹ́nétọ̀ 109 tó wà ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni ti Ògùn; nínú aṣojú-ṣòfin 360, mẹ́sàn-án ni tiwa.

Ẹgbẹ́ kan lè máa ṣèjọba nílé kó sì jẹ́ alátakò ní Abuja. Ẹ rántí 2011. Gbenga Ọbadára wọlé gẹ́gẹ́ bíi sẹ́nétọ̀ wa lábẹ́ ACN. Ní Òkè-Mósàn, ACN ni gómìnà Amósùn. Ní Abuja, PDP ni Jonathan. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ìjọba tó bá wà nílé, alátakò ni ní kété tó bá wọ ilé aṣòfin àgbà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní "alátakò ni ọmọ ilé wa", mo kọ́kọ́ máa ń bi í pé ilé wo.

Ṣé mo lè rí ìwé tó sọ bó ṣe dìbò lórí òfin kọ̀ọ̀kan?

Ìbéèrè yìí ló gbé gbogbo ìyókù dání, ìdáhùn rẹ̀ kò sì dùn mọ́ni: lọ́pọ̀ ìgbà, rárá.

Ohùn ni wọ́n fi ń dìbò. Abẹnugan á ní kí àwọn tó gbà pariwo "aye", kí àwọn tí kò gbà pariwo "nay", òun fúnra rẹ̀ á fi etí wọ̀n ọ́n, á ní ìhà kan ló borí, á sì lu òòlù. Ó tán. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó pariwo, ẹni tó panu mọ́, ẹni tó ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì, gbogbo wọn di ọ̀kan nínú ìwé. Bí ọmọ ilé yín bá padà délé tó ní òun tako òfin náà, ẹ ò ní ohun tí ẹ lè fi já a nírọ́. Òun náà ò sì ní ohun tó lè fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bó bá jẹ́ òótọ́ ló ń sọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2025. Ààrẹ ti kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó ti dá gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ wọn dúró fún oṣù mẹ́fà, ó sì kù kí ilé méjèèjì ní Abuja fọwọ́ sí i. Abala 305 nínú ìwé òfin sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ gbà á. Ìdá méjì nínú mẹ́ta, nǹkan tí èèyàn ń kà ni. Ohùn ni wọ́n fi dìbò náà nílé méjèèjì. Mo jókòó ti fóònù lọ́jọ́ náà, mo sì ń bi ara mi pé ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi ń ka ariwo.

Nígbà wo wá ni wọ́n máa ń ka orí?

Ìgbà méjì ni mo mọ̀ tó dá mi lójú. Èkíní ni ìgbà tí wọ́n bá ń tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe. Abala 9 ló ń darí ìyẹn, ìdá méjì nínú mẹ́ta nílé kọ̀ọ̀kan ní Abuja, lẹ́yìn náà ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, ìyẹn 24 nínú 36. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2022, àtúnṣe 68 ni wọ́n dìbò lé lórí, ẹ̀rọ sì ni wọ́n lò. Ọjọ́ náà ni wọ́n ju àbá tó fẹ́ fi ìjókòó 111 kún ilé fún àwọn obìnrin nù, tí àwọn obìnrin sì lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Èkejì ni ìgbà tí ọmọ ilé kan bá dìde tó ní ohun tí abẹnugan ní òun gbọ́ kọ́ ni òun gbọ́, kí wọ́n ka orí. Iṣẹ́ alátakò gan-an nìyí lójú tèmi. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2021, ilé aṣòfin àgbà ń jiyàn lórí òfin ìdìbò: ṣé kí INEC fúnra rẹ̀ pinnu bóyá ẹ̀rọ ni yóò fi èsì ìbò ránṣẹ́, àbí kí NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, kọ́kọ́ jẹ́rìí pé íntánẹ́ẹ̀tì kárí ibi gbogbo, kí ilé aṣòfin sì fọwọ́ sí i? Wọ́n fi ohùn dìbò, òòlù dún. Enyinnaya Abaribe, PDP láti Abia, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ilé tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ìjọba nígbà náà, dìde ó ní kí wọ́n pe orúkọ. Wọ́n gbìyànjú láti fi ẹ̀bẹ̀ dá a jókòó, ó kọ̀. Wọ́n wá ń pe orúkọ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, oníkálukú sì ń dìde sọ tirẹ̀. Àwọn 28 ní kí INEC pinnu fúnra rẹ̀, 52 ní kí NCC kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, 28 kò sí níbẹ̀.

Alátakò pàdánù ìbò náà. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ gbogbo wọn ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn 28 tí kò wá síbi iṣẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilé yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó fi ìpinnu sọ́wọ́ INEC, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wà nínú òfin ìdìbò tí ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022. Mi ò ní orúkọ tó jáde nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ká ní òòlù àkọ́kọ́ ló parí ẹ̀, ta ni ìlú ìbá bi léèrè?

Tí kò bá sí kíka orí, ṣé ẹ ń sọ pé a ò lè mọ nǹkan kan nìyẹn?

A lè mọ̀ láti ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà ní 2006 á rántí ọ̀rọ̀ sáà kẹta, àbá tó fẹ́ ṣí ọ̀nà fún ọmọ Abẹ́òkúta wa, ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, láti tún du ipò lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn ni wọ́n fi pa àbá náà nílé aṣòfin àgbà ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, kò sí orúkọ. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ yẹn tó dé, wọ́n ti ń gbé àríyànjiyàn náà sórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń lọ, sẹ́nétọ̀ lẹ́yìn sẹ́nétọ̀ ń dìde, gbogbo ilé ló sì ń ka èyí tó gbà àti èyí tó kọ̀ bí ẹni ń ka góòlù. Nígbà tí òòlù dún, kò sí ohun tó ṣókùnkùn mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí aṣòfin sọ nínú ilé ni kí ẹ wá. Èyí tó sọ níwájú oníròyìn lẹ́yìn ìjókòó, ẹ fi sẹ́yìn. Ìwé Hansard ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ inú ilé sí.

Wọ́n ní àbá òfin 20 ló ti mú wá. Ẹ sì ń sọ pé kò ṣe nǹkan?

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo ní kí ẹ bi í ibi tí àwọn 20 náà dé.

Àbá òfin ń gba kíkà mẹ́ta kọjá. Kíkà àkọ́kọ́, akọ̀wé ilé á ka àkọlé rẹ̀, ìyẹn náà ni. Kò sí àríyànjiyàn, ìṣẹ́jú kan kò pé. Kíkà kejì ni wọ́n tó ń jiyàn lórí ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, níbi tí wọ́n ti lè pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń sùn sí. Bó bá jí, kíkà kẹta ló kàn, lẹ́yìn èyí ilé kejì ní Abuja náà gbọ́dọ̀ gbà á, kó tó dé iwájú ààrẹ. Ní Òkè-Mósàn ilé ẹyọ kan ni, gómìnà ló ń fọwọ́ sí i. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún ààrẹ tàbí gómìnà. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Bí òfin tó dá NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, sílẹ̀ ṣe di òfin nìyẹn ní 2000, lórí kíkọ̀ Ọbásanjọ́.

Ẹni tó ní àbá 20 tí gbogbo wọn dúró sí kíkà àkọ́kọ́, àkọlé 20 ló kọ. Ẹlòmíì á tiẹ̀ gbé òfin tó ti wà nílẹ̀ látijọ́, á yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, á pè é ní àbá tuntun, iye á sì máa pọ̀ sí i. Lójú tèmi, alátakò tó ní àbá méjì tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ti ṣe jù ú lọ, nítorí kò lè dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé ó bá àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì gbọ́.

Àbá pé kí ìjọba wá tún ọ̀nà wa ṣe ńkọ́? Wọ́n ní ilé ti gbà á.

Ẹ̀bẹ̀ ni. Irú àbá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní motion, kì í ṣe òfin. Ilé á rọ iléeṣẹ́ ìjọba pé kó jọ̀ọ́, iléeṣẹ́ náà sì lè má dá wọn lóhùn. Ohun tó dáa nínú rẹ̀ ni pé ó ń mú kí ọ̀rọ̀ náà wọnú ìwé. Ẹ bi í léèrè pé lẹ́yìn tí ilé gbà á, lẹ́tà mélòó ló kọ tẹ̀ lé e.

Wọn ò pọ̀ nílé. Kí ni ẹnì kan lè dá ṣe?

Ìyá kan tó ń re àdìrẹ ló bi mí báyìí, ó sì fi kún un pé, "Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí, ọmọ mi." Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ṣùgbọ́n ìbò nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ilé. Abala 88 nínú ìwé òfin fún ilé ní agbára láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú, inú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó sì ni ìwádìí náà ti ń wáyé. Níbẹ̀, aṣòfin tó bá ka ìwé rẹ̀ dáadáa lè dá ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ kan dúró fún wákàtí méjì lórí iye kan ṣoṣo nínú ìwé ìṣúná. Kò nílò ènìyàn 180 lẹ́yìn rẹ̀ kó tó béèrè pé, "Ọ̀gá, owó yìí dà?"

Ìgbìmọ̀ tó ṣe pàtàkì jù fún alátakò ni èyí tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò, tí ìròyìn ayẹ̀wé-owó-wò àgbà ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí abala 85 ṣe là á sílẹ̀. Nílé aṣojú-ṣòfin, ó ti mọ́ wọn lára láti fi alátakò ṣe alága rẹ̀, kí ẹni tó ń náwó má baà tún jẹ́ ẹni tó ń ṣírò rẹ̀. Nílé kẹsàn-án, ìyẹn 2019 sí 2023, Wọlé Òkè láti Ọ̀ṣun ni, PDP ló wà. Nígbà tí ilé kẹwàá bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ó bọ́ sọ́wọ́ Bámidélé Salam, Ọ̀ṣun náà, PDP náà. Bí ẹ bá fẹ́ dá aṣòfin yín lẹ́jọ́, ẹ wá orúkọ ìgbìmọ̀ tó wà, kí ẹ sì wá ohun tó béèrè níbẹ̀.

Kò gbẹ́ kànga dẹ̀rọ kankan sí àdúgbò wa láti ọjọ́ tó ti débẹ̀.

Gbígbẹ́ kànga kọ́ ni iṣẹ́ tí ìwé òfin gbé lé e lọ́wọ́. Owó iṣẹ́ àdúgbò wà nínú ìṣúná lóòótọ́, aṣòfin lè dárúkọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n ṣe é sí, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìjọba ló ń gbé iṣẹ́ náà síta. Láti 2019 ni ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti ń tọpa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí BudgIT, ẹgbẹ́ aládàáni tó ń ṣọ́ ìnáwó ìjọba, náà sì ń fi Tracka wọn ṣe é. Ìrẹsì àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń pín ní àsìkò ọdún, ẹ gbà á, ẹ jẹ ẹ́, ẹ rán aṣọ yín. Àmọ́ ẹ má kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ fún un.

Kì í wá síjókòó. Ṣé òfin kan wà fún ìyẹn?

Ó wà. Ilé gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún, ní Abuja àti ní Òkè-Mósàn. Ẹni tó bá pa ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ láìnídìí, abala 68 fún ti Abuja àti 109 fún ti ìpínlẹ̀ sọ pé kí ó fi àga sílẹ̀. Ibi tó ti ń wọ́ ni pé ilé fúnra rẹ̀ ló mú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí dání.

Ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dìbò fún un. Ó ti di ọmọ ìjọba.

Abala 68 àti 109 yẹn náà ló sọ̀rọ̀ sí i: ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ kí sáà rẹ̀ tó pé pàdánù àga, àyàfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín sí méjì tàbí tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn. "Ẹgbẹ́ wa ti pín" ni gbogbo wọn máa ń wí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ irú ìpín tó jẹ́ ìpín ní 2015, nínú ẹjọ́ Ifẹ́dayọ̀ Abẹ́gùndé, tó ń ṣojú Àkúrẹ́, tó kúrò ní Labour Party lọ sí ACN. Ìjà tó wà ní ìpínlẹ̀ nìkan kò tó, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpín tó dé òkè ẹgbẹ́. Àga bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹjọ́ sì lè pẹ́ ju sáà lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí wọn tí wọ́n ń fò bí eṣú.

Ṣé a lè pè é padà wálé?

Bẹ́ẹ̀ ni, lórí ìwé. Abala 69 ní kí ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lágbègbè rẹ̀ lọ tó máa buwọ́ lu ìwé, kí INEC yẹ ọwọ́ wọn wò, lẹ́yìn náà kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàrin 90 ọjọ́. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Kogi ní 2018. Nígbà tí INEC yẹ àwọn tó buwọ́ lùwé wò, àwọn tó yọjú tó sì tọ̀nà kò ju ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní Òkè-Mósàn ńkọ́? Ṣé àtakò kankan wà níbẹ̀?

Àtakò tó gbóná jù tí mo rántí níbẹ̀, ẹgbẹ́ alátakò kọ́ ló ti wá. Ní 2010, nígbà tí Gbenga Daniel jẹ́ gómìnà, ọmọ ilé 15 kọ̀ láti fọwọ́ sí owó tí ìjọba fẹ́ yá, bílíọ̀nù 100 náírà. Àwọn 9 wà lẹ́yìn gómìnà. G15 àti G9 ni gbogbo Abẹ́òkúta ń pè wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn 9 jókòó, wọ́n yọ abẹnugan, Túnjí Ẹgbẹ́tókun, wọ́n sì dá àwọn 15 dúró. Ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: 9 lé 15 jáde. Wọ́n ti ilé pa lẹ́yìn rẹ̀. Inú PDP tó ń ṣèjọba ni ìjà náà ti bẹ́.

Àtìgbà náà ni mi ò ti fi ẹgbẹ́ tó wà lára fìlà ènìyàn mọ ẹni tó ń takò. Nínú ìbò gómìnà 2023, Dàpọ̀ Abíọ́dún ti APC ní ìbò 276,298, Ládi Adébùtú ti PDP ní 262,383. Ìpínlẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì báyìí yẹ kó máa gbọ́ ohùn méjì láti inú ilé ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹ fetí sí i bóyá ẹ ń gbọ́ ọ.

Ó dìbò pẹ̀lú ìjọba lórí òfin kan. Ṣé wọ́n ti rà á nìyẹn?

Kò pọn dandan. Òfin tó dáa dáa, ẹni yòówù kó mú un wá. Èyí tí mo máa ń fura sí ni ìyára. Òfin tó dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà ní 2024, láàrin ọ̀sẹ̀ kan ló gba ilé méjèèjì kọjá tí ààrẹ sì fọwọ́ sí i. Bí alátakò yín bá jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí nǹkan bá ń sáré báyìí, ẹ bi í pé kí ló dé tí kò ní kí wọ́n dúró.

Níbo ni mo ti lè rí gbogbo ìwé tí ẹ ń sọ yìí?

Fún Abuja, ẹgbẹ́ aládàáni kan, PLAC, ń tọpa àbá òfin, òmíràn, OrderPaper, ń kọ ìròyìn nípa iṣẹ́ àwọn aṣòfin, ìjókòó náà sì wà lórí YouTube. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jókòó. Fún ìpínlẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan nígbà kan rí fún ìwé ìjókòó oṣù mẹ́ta, akọ̀wé tó gbà á bi mí pé, "Ẹgbẹ́ wo ni yín, sà?" Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 kò béèrè ẹgbẹ́, kò tiẹ̀ béèrè ìdí. Ọjọ́ 7 ló fún wọn láti dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní 30 ọjọ́ láti lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ti máa ń sọ pé òfin àpapọ̀ ni, kò kan ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fòpin sí ìyẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025: gbogbo ìpínlẹ̀ ló kàn.

Ẹ kọ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì mọ́ èyí tí ẹ máa mú lọ sílé, nítorí láti ọjọ́ òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka 7.